Adójútòfò ọkọ̀ tí mo ti fi sílẹ̀ tún yọ owó ọdún kan lórí káàdì mi

Ìlà kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ ìnáwó káàdì kírẹ́díìtì mi ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Orúkọ tó wà lórí ìlà náà kò jọ orúkọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kankan tí mo mọ̀. Àgékúrú kan ni, nọ́ńbà gígùn kan tẹ̀ lé e, iye tó wà níwájú rẹ̀ sì tó owó adójútòfò ọkọ̀ fún odidi ọdún. Mo kọ́kọ́ rò pé olè ló rí káàdì mi lò. Ìgbà tí mo pe báńkì ni mo tó mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ń bá adójútòfò mi àtijọ́ gba owó ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Mo pè é ní ti àtijọ́ nítorí pé kí àdéhùn wa tó parí ni mo ti kọ̀wé sí wọn pé n kò ní bá wọn lọ mọ́, wọ́n sì ti fi í-meèlì dá mi lóhùn pé àwọn rí ìwé mi gbà. Mo ti ra òmíràn níbòmíràn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, adójútòfò méjì ló wá wà lórí rẹ̀, èmi nìkan ni mo sì ń san owó méjèèjì.

Ẹni tí kò bá mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí lè rò pé méjì sàn ju ẹyọ kan lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adójútòfò kì í jẹ́ kí ènìyàn jèrè lára òfò rẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ ni wọ́n ń dí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ńṣe ni àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì yóò pín ìnáwó náà láàárín ara wọn, ẹni tó ni ọkọ̀ yóò sì máa kọ ìwé sí ọ̀tún àti òsì kí owó tó jáde. Ẹ̀dínwó tí wọ́n máa ń fún awakọ̀ tí kò béèrè owó òfò kankan pàápàá, orí àdéhùn kan ṣoṣo ni a sábà máa ń lò ó, tèmi sì ti wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun.

Mo pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò àtijọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́kọ́ gbé fóònù kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní, “Ẹ ti fọwọ́ sí i, mà.” Mo béèrè pé níbo. Ó ní nígbà tí mo kọ́kọ́ ra adójútòfò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Mo ṣí ojú ewé tí wọ́n fi ń ra ọjà wọn, mo sì rí ohun tó ń sọ: àpótí kékeré kan lábẹ́ àlàyé nípa bí wọn yóò ṣe máa fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n ti fi àmì sínú rẹ̀ kí oníbàárà tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ní àwọn yóò máa sọ àdéhùn di ọ̀tun lọ́dọọdún àyàfi bí oníbàárà bá sọ pé òun kò fẹ́. Mo kà á sí i létí, mo ní, “Mo ti sọ pé n kò fẹ́. Ìwé mi wà lọ́wọ́ yín.” Ó ní, “Ẹ̀rọ ni kò rí i, mà.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí òun tó jẹ́ ènìyàn bá mi wò ó. Ó fi orin sí mi létí, ó pẹ́ kó tó padà wá, nígbà tó sì dé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ló tún mú bọnu. Lẹ́yìn náà ló ní òun lè bá mi dín owó náà kù bí mo bá gbà láti dúró.

Ibi ẹ̀dínwó yìí ni inú mi ti ru. Bí owó náà bá ṣeé dín, kí ló dé tí wọ́n fi yọ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀? Bí orin yẹn ṣe ń lọ ni mo ti béèrè lórí ojú ewé wọn iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ oníbàárà tuntun tó ní irú ọkọ̀ mi, iye náà sì kéré sí èyí tí wọ́n yọ lọ́wọ́ èmi tí mo ti ń bá wọn bọ̀. Irú èyí ni àjọ FCA, tó ń mójú tó ètò ìnáwó ní Britain, fòfin dè fún adójútòfò ọkọ̀ àti ti ilé láti oṣù kìíní ọdún 2022: iye tí wọ́n bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ oníbàárà àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tuntun lọ. Ó yẹ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ wà níbi gbogbo.

Síbẹ̀, n kò ní fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Nígbà tí ẹnìkan fi ọkọ̀ rẹ̀ gbá tèmi lẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà rán ẹni tó wá yẹ ọkọ̀ wò láìjáfara, wọ́n sanwó fún mẹkáníìkì tààrà, kò sì sẹ́ni tó bá mi jiyàn lórí ohunkóhun. Mo mọ àwọn tí adójútòfò wọn fi ìwé kíkọ dá lágara títí wọ́n fi sanwó láti àpò ara wọn. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ burúkú ni mo ṣe kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ tuntun gbà kí ẹlòmíràn nínú ilé mi máa wa ọkọ̀ náà, àwọn kò gbà.

Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Káàdì tí mo fi sanwó fún wọn nígbà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, báńkì ti fún mi ní tuntun, nọ́ńbà rẹ̀ sì yàtọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Òṣìṣẹ́ báńkì ṣàlàyé fún mi, ó sì fara balẹ̀ ṣe é: Visa ní ètò kan tó ń jẹ́ Visa Account Updater, Mastercard náà ní tirẹ̀, Automatic Billing Updater, àwọn ètò wọ̀nyí ló sì ń fi nọ́ńbà káàdì tuntun ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀ fún un, kí owó tí oníbàárà ń san déédéé má bàa dáwọ́ dúró. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ kí àdéhùn rẹ̀ máa lọ. Fún ẹni tó rò pé pípààrọ̀ káàdì ti tó láti fi já okùn náà, kò já a. Mo ní kí wọ́n yọ káàdì mi kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́. Ó fi kún un pé òfin Visa ní ìsọ̀rí ọ̀tọ̀ fún owó tí oníṣòwò ń yọ léraléra lẹ́yìn tí oníbàárà ti fòpin sí i, pé báńkì sábà máa ń ní 120 ọjọ́ láti fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àti pé í-meèlì tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Ṣùgbọ́n ó gbà mí níyànjú pé kí n tún kàn sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà ná.

Nígbà tí mo tún pè, obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ sì jọ ti àgbàlagbà. Kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ kí n kà á ká jọ gbọ́.” Ó ka ìwé mi sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ka ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Wọ́n fi í pamọ́ sínú fáìlì yín, kò sì sẹ́ni tó sọ fún àwọn tó ń gba owó.” Kò ní kí n dúró di ọ̀la. Ó ní kí n ṣí í-meèlì mi kí n sì dúró lórí fóònù títí ìwé ìfòpinsí yóò fi wọlé. Nígbà tó dé, ọjọ́ tí àdéhùn àtijọ́ parí ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí a ń sọ̀rọ̀. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àdéhùn tuntun bẹ̀rẹ̀ kí n tó fòpin sí i, wọn yóò lè gba owó àwọn ọjọ́ tó ti kọjá. “Àdéhùn yìí kò bẹ̀rẹ̀ rí, mà,” ni ó wí, “a kò lè gba owó ọjọ́ kankan lórí rẹ̀.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ gbé fóònù, n kì bá tí kọ ọ̀rọ̀ kan síbí.

Owó náà padà sórí káàdì, ṣùgbọ́n kò pé. Wọ́n yọ ohun tí wọ́n pè ní owó iṣẹ́ ọ́fíìsì. Owó iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ tí n kò bẹ̀ wọ́n ṣe. Mo fi ìwé obìnrin yẹn ránṣẹ́ padà sí wọn, wọ́n sì dá ìyókù padà láìfèsì ọ̀rọ̀ kankan. Ní ti èlé tó gun owó náà lórí káàdì, wọ́n ní báńkì ló gbà á, kò kan àwọn. Báńkì ló ṣàánú mi tó pa á rẹ́, bẹ́ẹ̀ báńkì kọ́ ló ṣẹ̀. Títí mo fi ń kọ èyí, àmì ṣì wà nínú àpótí kékeré yẹn lórí ojú ewé wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Iṣẹ́ adójútòfò ni láti sanwó nígbà tí òfò bá dé, wọ́n sì san tèmi. Bí ọdún bá yípo tí iye wọn sì tẹ́ mi lọ́rùn, mo lè padà sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n láti báńkì mi ni n ó ti fi owó ránṣẹ́ fúnra mi. Nọ́ńbà káàdì mi kò ní dé ọwọ́ wọn mọ́.