Abẹ tàbí ẹ̀rọ oníná: èwo ló bá irùngbọ̀n yín mu?

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu oníbàárà ni pé èwo ló ń fá irùngbọ̀n dán jù. Abẹ ni, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ̀rọ oníná tó wọ́n jù lọ́jà kò lè mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ dán tó bí abẹ tuntun ṣe ń ṣe é. Àmọ́ fún irun tó ń ká bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, dídán yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí abẹ bá gé irú irun bẹ́ẹ̀ wọ abẹ́ awọ, orí rẹ̀ á mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Nígbà tó bá tún ń hù, ó lè gún awọ láti inú, tàbí kó jáde tán, kó tẹ̀, kó sì tún gún awọ wọlé padà. Ara á kọ̀ ọ́, ibẹ̀ á wú. Bọ́ǹpùsì nìyẹn. Ọrùn àti abẹ́ àgbọ̀n ló sì fẹ́ràn jù.

Nítorí náà, ọrùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nínú dígí kí ẹ tó wo iye owó. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ń jọ̀lọ̀ lè lo èyíkéyìí. Ẹni tó ní bọ́ǹpùsì, ẹ̀rọ oníná ni kó rà, kó jẹ́ èyí tó ń fi ìdí irun díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń ṣọyún lọ́wọ́ kò tíì yẹ kó ra ohunkóhun: kó jẹ́ kí irun hù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí èyí tó há sínú awọ ráyè yọ jáde. Bí àpá bá ti ń wú di kélóìdì, dókítà awọ ló kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ abẹ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye abẹ tàn yín. Orí ìfárùngbọ̀n tó kó abẹ mẹ́ta tàbí márùn-ún jọ, àkọ́kọ́ inú wọn á fa irun sókè, èyí tó tẹ̀ lé e á gé e, ìdí irun á sì sá pa dà sábẹ́ awọ. Ibẹ̀ ni bọ́ǹpùsì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣéfìn sítíìkì olówó pọ́ọ́kú tó ní abẹ méjì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó dára jù ni irin ìfárùngbọ̀n tó ń lo abẹ olójú méjì, nítorí ojú kan ṣoṣo ló ń kan awọ lẹ́ẹ̀kan. Irin náà á pẹ́ lọ́wọ́ yín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Abẹ nìkan lẹ ó máa pààrọ̀. Irun líle kì í jẹ́ kí abẹ kan kọjá ìfá mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tó ń fá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tó sì ń pààrọ̀ abẹ lẹ́yìn ìfá mẹ́rin, á lo abẹ 39 lọ́dún, ìyẹn páálí mẹ́rin oní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ fi owó yẹn wé owó ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá ń de abẹ mọ́ ọn, ẹ rí i pé ó yọ dọ́gba níhà méjèèjì. Bó bá wọ́ síhà kan, ìhà yẹn á máa bu ara jẹ.

Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rin irùngbọ̀n fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, torí irun tó gbẹ le gan-an. Ẹ fi ọṣẹ ìfárùngbọ̀n tó hó dáadáa pa á. Ẹ gbé irin náà sí nǹkan bí ìwọ̀n dígíríì 30 sí awọ, kí ẹ jẹ́ kí wíwúwo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ibi tí irun kọrí sí ni kí abẹ kọrí sí. Lórí ọrùn, irun máa ń kọrí síbi tó wù ú, ẹ fọwọ́ pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ kọjá lójú kan náà, ẹ má sì na awọ. Awọ tí ẹ nà, bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á gbé irun wọlé. Omi tútù ló kẹ́yìn. Bí ara bá ya díẹ̀, álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà lọ́jà á dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rọ

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Èyí tó ní páànù fẹ́lẹ́ oníhò wẹ́wẹ́ ló ń fá a kúnná jù láàárín wọn, ṣùgbọ́n irun tó ti lé ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tó sì ti sùn sára awọ, kì í wọ ihò yẹn. Ẹ ó kàn máa ha ara yín ni. Èyí tó ní orí róbótó tó ń yí, irú tí Philips kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1939, máa ń bá ọrùn àti agbárí lọ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni kílípà kékeré tó ń gẹ irun. Òun gan-an ni ẹni tó ní bọ́ǹpùsì nílò, ó sì sábà máa ń dínwó ju àwọn yòókù lọ. Ẹ gbé e sí ìwọ̀n ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan. Ẹ má gbà kí wọ́n bá yín to abẹ rẹ̀ dọ́gba pátápátá kó lè "gé e kanlẹ̀". Ìyẹn tún sọ ọ́ di abẹ.

Ẹ̀rọ gbígbẹ kò fẹ́ òógùn. Ẹ fá a kí ẹ tó wẹ̀, lójú tó gbẹ. Bó bá ń já irun dípò kó gé e, bátìrì ti ń lọ sílẹ̀ ni tàbí abẹ inú rẹ̀ ti kú. Páànù tó bá ti lu, ẹ má lò ó mọ́, á gé yín. Ẹ béèrè owó páànù àti abẹ ìpààrọ̀ kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ, torí ọdún kan sí ọdún méjì ni wọ́n máa ń lò. Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kì í ta ẹ̀yà rẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Bátìrì lithium tó ń gba iná nípasẹ̀ USB ló bá wa mu, torí ẹ lè fi páwà báǹkì ṣáàjì rẹ̀ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí yín láti Amẹ́ríkà, ẹ ní kí wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀: 100–240V ni kó jẹ́. Èyí tó jẹ́ 120V nìkan á jóná lórí iná 230V wa.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rà á fún ọkọ tàbí bàbá yín, a kì í fárí lẹ́yìn olórí: ẹ wo ọrùn tirẹ̀ náà.

Abẹ tàbí ẹ̀rọ, ẹni kan ló ni ín. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B lè wà láàyè fún ó kéré tán ọjọ́ méje lára ohun tí ẹ̀jẹ̀ kàn, kódà bí ẹ kò rí ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ mú kílípà tiyín lọ bá onígbàjámọ̀. Kò sí onígbàjámọ̀ gidi tó máa bínú sí i.