MMP-9 àti IDH1: èwo ló wúlò jù láti fi ṣàyẹ̀wò ẹni tó ní kókó ọpọlọ?
MMP-9 jẹ́ ẹ́ńsáìmù tó ń gé kọ́lájìn (purotéènì tó ń di ara mú) tó yí iṣan ẹ̀jẹ̀ ká, kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè rọ́nà wọ inú ọpọlọ. Ó máa ń pọ̀ nínú glioblastoma, ìyẹn kókó ọpọlọ tó le gan-an, ju nínú glioma (kókó inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ti iṣan ọpọlọ lẹ́yìn) tó ń rọra dàgbà lọ. Àmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ náà ń gbé e sókè, nítorí náà mi ò lè gbára lé òun nìkan.

IDH1, ìyẹn jíìnì kan tó máa ń yí padà nínú àwọn kókó ọpọlọ kan, ni mo fara mọ́. Wọ́n á gé kókó náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fi èròjà kùn ún. Bí ìyípadà IDH1 tí wọ́n ń pè ní R132H bá wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á di àwọ̀ búráùn. Ẹni tó bá ní in sábà máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí kò ní in lọ. Láti 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ò pe kókó tó ní ìyípadà yìí ní glioblastoma mọ́.