Ọ̀sẹ̀ kan ní Jọ́dánì: bí wọ́n ṣe to ọjọ́ wa ló wú mi lórí

N kò kábàámọ̀ owó tí mo san fún ilé-iṣẹ́ tó mú èmi àti ìyá mi yí Jọ́dánì ká. Kì í ṣe tìtorí òtẹ́ẹ̀lì o, wọ́n mọ́ tónítóní, ó tán. Bí wọ́n ṣe to ọjọ́ ni mo ṣe ń kan sáárá sí wọn.

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti sọ pé orúnkún ń dun Màmá. Àwọn tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ fẹ́ kí a fi ọjọ́ kan ṣoṣo wo Petra, ìlú àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta, kí a sùn sí aṣálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà. Ilé-iṣẹ́ tó mú wa lọ yìí ní rárá. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan jẹ́ dínárì 50, ti ọjọ́ méjì 55: ṣé torí dínárì 5 la ó ṣe máa sáré? Wọ́n ní ká ra Jordan Pass, tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ fún àwọn ibi ìgbafẹ́, ká tó wọ bàálù. Èyí tó jẹ́ dínárì 75 kó Petra ọjọ́ méjì, Jerash tó jẹ́ ìlú àtijọ́ àwọn ará Róòmù, àti aṣálẹ̀ Wadi Rum pọ̀, ó sì yọ owó físà dínárì 40 kúrò fún ẹni tó bá máa sun ó kéré tán òru 3. Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì la lò. Ẹni tó ní ti Nàìjíríà, kó wádìí físà tirẹ̀ kó tó sanwó.

Ní Jerash, ipa kẹ̀kẹ́ ẹṣin àwọn ará Róòmù ṣì wà lára òkúta títì. Lórí Òkè Nébò, níbi tí Bíbélì ní Mósè ti wo Ilẹ̀ Ìlérí, Màmá ka Deutarónómì 34 sókè.

Aago 6 àárọ̀ la wọ Petra. Nínú Siq, ọ̀nà tóóró láàárín àpáta tó lé ní kìlómítà kan, amọ̀nà wa ní ká fọwọ́ kan ògiri. Ọ̀nà omi tí àwọn Nabatea, àwọn tó kọ́ Petra láyé àtijọ́, gbẹ́ rèé. Ní òdìkejì, páìpù amọ̀, ẹnu ọ̀kan nínú ìdí èkejì. Omi òjò díẹ̀ tó ń rọ̀ ni wọ́n ń darí wọ̀lú báyẹn. Lẹ́yìn náà ni Al-Khazneh, ilé tó lókìkí jù ní Petra, yọ sí wa, nǹkan bíi mítà 40, ara àpáta ni wọ́n ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀! Ọkọ̀ kékeré oníná tí wọ́n ti bá wa ṣètò ló gbé Màmá padà. Lọ́jọ́ kejì, ó sinmi, èmi gun àtẹ̀gùn bíi 800 lọ sí Ad-Deir, ilé ńlá mìíràn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta.

Ní Wadi Rum, àwọn Bedouin, àwọn Lárúbáwá aṣálẹ̀, se zarb fún wa: ẹran àti ewébẹ̀ tí wọ́n rì mọ́ iyanrìn gbígbóná. Ẹran náà ń já kúrò lára eegun. Òtútù mú lóru, ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ pé ká mú kádígàn.

Ìlú Madaba ni wọ́n ti ṣe ohun tó dùn mí. Wọ́n yà wá sí ṣọ́ọ̀bù kan tí kò sí nínú ètò, ó jẹ nǹkan bíi wákàtí kan, la bá sáré wo máàpù Ilẹ̀ Mímọ́ tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà. Máàpù yẹn gan-an ni Màmá fẹ́ rí.

Ẹ lọ láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, kí ooru tó dé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò ní yà yín sí ṣọ́ọ̀bù kankan.