Owó Fàdákà Ìgbàlódé: Ṣé Kí A San Owó Máàkì Ni, Àbí Kí A Tọ́jú Rẹ̀ Fúnra Wa?

Ẹyọ owó fàdákà mẹ́wàá ni mo fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan tí ó máa ń yẹ owó onírin wò, tí ó sì máa ń fún un ní máàkì. American Silver Eagle, tí ilé ìrọwó ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń rọ láti ọdún 1986, ni gbogbo wọn, tuntun sì ni mo rà wọ́n. Mo gbà pé owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná yóò gba máàkì tó pé. Méjì péré ni ó gba 70. Méje gba 69, ẹyọ kan kò sì rí nọ́ńbà kankan gbà.

Láti 1 dé 70 ni òṣùwọ̀n náà, èyí tí William Sheldon gbé jáde ní ọdún 1949 nítorí owó bàbà àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Owó tí ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni ó bá òṣùwọ̀n náà mu jù, nítorí ojú lásán lè rí i bí àwòrán orí rẹ̀ ṣe parẹ́ tó. Owó ìgbàlódé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ilé ìrọwó ni púpọ̀ nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, tí ó fi jẹ́ pé lórí máàkì kan ṣoṣo ni gbogbo ìjàkadì wà: 70 ni èyí tí olùyẹ̀wò kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀ lábẹ́ awò tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po márùn-ún. Mo fi irú awò bẹ́ẹ̀ wo àwọn 69 mi fún alẹ́ méjì gbáko. Mo rí ìlà tín-ín-rín lára mẹ́ta. Ní ti mẹ́rin yòókù, n kò rí ohun tí ó mú wọn yàtọ̀ sí àwọn 70, mo sì jẹ́wọ́ pé ó dùn mí.

Lọ́jà, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Olùrà a máa fi owó gidi kún ti 70, ṣùgbọ́n iye tí 69 fi ju èyí tí kò ní máàkì lọ kì í sábà tó owó tí a ná lé e lórí: owó àyẹ̀wò, owó ìfiránṣẹ́ lọ àti bọ̀, pẹ̀lú owó adójútòfò.

Èyí tí kò gba nọ́ńbà, ẹ̀bi mi ni. Ipa ìka wà lára rẹ̀, mo sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé a ti nu owó náà. Ẹ má ṣe nu owó onírin yín.

Ike tí iléeṣẹ́ náà fi dé owó náà pa lágbára, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara rẹ̀ sì ṣeé yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó ń fi ọkàn ẹni tí kò mọ̀ wá rí balẹ̀ láti rà á. Síbẹ̀, kò dí atẹ́gùn pátápátá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, àbàwọ́n funfun bí ẹ̀kán wàrà yọ lára ọ̀kan nínú àwọn 69 náà, ìwé àdéhùn iléeṣẹ́ náà sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn kì í san owó lórí irú rẹ̀.

Àwọn owó mi yòókù wà nínú ike roboto tí fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40.6, tí ó bá Silver Eagle mu gẹ́ẹ́. Mo yẹra fún ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n fi PVC, irú ike kan, ṣe, nítorí pé bí ó bá ti ń gbó ni ó ń tú èròjà kíkan jáde, tí ohun aláwọ̀ ewé sì ń lẹ̀ mọ́ owó. Páálí àti pákó lásán tún lè sọ fàdákà di dúdú. Ibi gbígbẹ tí kò gbóná ni mo kó wọn sí, pẹ̀lú àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin mu, etí nìkan ni mo sì ń dì mú. Owó àyẹ̀wò ẹyọ kan ṣoṣo ra ike tí ó tó gbogbo wọn.

Èyí tí ó bá ṣọ̀wọ́n nìkan ni n ó tún fi ránṣẹ́, irú bí èyí tí ó ní àmì W (àmì ilé ìrọwó West Point) ti ọdún 1995, tí wọn kò rọ ju 30,125 lọ, tí ayédèrú rẹ̀ sì lè náni lówó ńlá. Mo ti ta ọ̀kan nínú àwọn 70 náà. Èrè rẹ̀ kò tó owó tí mo ná lórí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.