Ọdún 8 tí mo lò ní kọ́ńpìnì ohun ìjà ńlá kan ní Maryland: bó ṣe rí nìyí

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Maryland àti Virginia ti ń bi mí pé ṣé kí àwọn wọ iṣẹ́ difẹ́ǹsì, owó ẹ̀ ńkọ́, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń wádìí èèyàn dé abúlé. Láti 2015 sí 2023 ni mo fi wà níbẹ̀, tẹ́sítà sọ́fítíwíà ni mí, rédà tó ń lọ sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun ni tiímù wa ń ṣe. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnì náà, ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ńláńlá ni, àwọn tó jẹ́ pé Pentagon, ìyẹn iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ni kọ́sítọ́mà wọn tó tóbi jù. Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, 7 nínú 10 ni. Mẹ́ta tí mo yọ yẹn, ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ bá lọ, ẹ ó rí i tí mo bá débẹ̀.

Kí ẹ tó ro ti owó, ẹ kọ́kọ́ ro ti kílíránsì, ìyẹn àṣẹ tí ìjọba ń fúnni láti rí nǹkan àṣírí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wádìí èèyàn. Gíríìnkáàdì ò tó o, àfi kéèyàn ti di sítísìn. Físà lọ́tìrì ni mo bá dé ní 2009, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà ta á, mo sì búra sítísìn ní 2014. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ báyìí ni wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ SF-86 síwájú mi, ó lé ní 100 ojú ìwé. Gbogbo ilé tí mo ti gbé, gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe, ìrìn àjò, gbèsè, gbogbo ẹ̀ ló béèrè. Ẹni tí wọ́n bí sí Ohio, tó ní bàbá kan, ìyá kan, àbúrò kan, ó lè kọ tiẹ̀ tán láàárín ọjọ́ méjì. Ìyàwó 3 ni bàbá tèmi fẹ́, àwa ọmọ jẹ́ 14. Nílé wa a kì í pe ẹnikẹ́ni ní ọbàkan, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò ni àbúrò, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yẹn ní kí n ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀, kí n ya ọmọ bàbá sọ́tọ̀, kí n sì kọ ọjọ́ ìbí, ibi tí wọ́n bí i sí, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo pe màámi ní Ìlá Ọ̀ràngún pé ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n bí yín mà, wọ́n ní ọdún tí wọ́n ń fi páànù bo ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní ọdún wo nìyẹn, wọ́n ní kí n lọ bi bàbá ìjọ. Àdírẹ́sì ńkọ́? Ẹ̀yìn ọjà, ilé tó kọjú sí igi ọdán.

Obìnrin kan ni wọ́n rán sí mi láti wá fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, wákàtí 4 la fi jókòó. Ó ṣe sùúrù púpọ̀. Ó ní ohun tí o bá mọ̀, sọ ọ́, èyí tí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀, ṣáà má parọ́. Ó bi mí pé ta ni mò ń fowó ránṣẹ́ sí lókè òkun. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, owó oúnjẹ màámi, owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òkú, ìkómọ, páànù ilé. Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ, kò sì bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa torí ó ti ba ti ẹlòmíì jẹ́: fífi owó ránṣẹ́ sílé ò burú, ilẹ̀ tí ẹ rà ní Nàìjíríà ò burú, kí ẹ fi pamọ́ ló burú.

Kílíránsì tí wọ́n ń pè ní Secret tètè jáde. Top Secret tó ga jù ú lọ, tí wọ́n wá béèrè lọ́dún 2017, ni mo dúró dè fún oṣù 16, nígbà tó máa fi di 2018, fáìlì tó ń dúró de ìwádìí ti lé ní 700,000. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó bà mí lẹ́rù. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo fi fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ni ìròyìn jáde pé àwọn kan ti wọ kọ̀ǹpútà OPM, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ti jí ìwé ìwádìí èèyàn mílíọ̀nù 21.5 lọ. Orúkọ àwọn ọmọ bàbá mi 13 yòókù ni mo kọ́kọ́ rántí, àwọn tí wọn ò mọ̀ pé mo kọ orúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wákàtí 80 là ń fi ọjọ́ 9 ṣe, nítorí náà Fráídè kan nínú méjì jẹ́ tiwa, èmi ni mo sì máa ń lọ gbé àwọn ọmọ ní skúùlù lọ́jọ́ yẹn. Owó ń wọlé lásìkò, wọ́n san owó Másítà mi, wọ́n ń fi owó kún 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì. Owó ẹ̀ ò tó ti àwọn Google o, ẹ má tan ara yín. Táìmúṣíìtì ni kí ẹ ṣọ́ jù, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, wákàtí kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ ọ́ sí torí owó ìjọba ni, ẹni tó bá kọ wákàtí tí kò ṣe, ẹjọ́ ni. Ọjọ́ tí ẹ ò bá sì ní nọ́ńbà tí ẹ máa kọ nǹkan sí mọ́, ẹ yáa tún CV ṣe. Tí kọ́ńtíráàtì bá parí tí kọ́ńpìnì mìíì gbà á, èèyàn lè wà lórí àga kan náà kó jẹ́ báàjì ọrùn ẹ̀ nìkan ló yí padà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà tì pa nítorí ọ̀rọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ 35 láti òpin 2018 wọ 2019, kò kan àwa torí Pentagon ti rí bọ́jẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ gbà, àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ìjọba mìíì jókòó sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó wọn lẹ́yìn náà, àwọn kọ́ńtíráátọ̀ yẹn ò gba kọ́bọ̀.

Ó wá kù sí ibi tí máàkì 3 yẹn lọ.

Yàrá tí à ń wọ̀ láti ṣiṣẹ́, fóònù ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, aago tó ń gba bluetooth ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni lọ́kà wà, ibẹ̀ lèèyàn máa kó gbogbo ẹ̀ sí. Oṣù kọkànlá 2019, mo wọlé ní aago 7 àárọ̀, iṣẹ́ ká mi mọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò jáde lọ jẹun, aago 2 ni mo tó ṣí lọ́kà. Míìsìdì kọ́ọ̀lù 23. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé màámi ṣubú, ọsibítù tí wọ́n gbé wọn lọ ní àfi kí wọ́n san owó kí àwọn tó fọwọ́ kàn wọ́n, àbúrò mi sì ń pè, ń pè, ó rò pé mo ń sá fún un ni. Ìyá onírẹsì tó wà lójúde ọsibítù ló yá wọn lówó. Màámi yè é, Olúwa ṣeun, wọ́n tún lo ọdún 3 sí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣàlàyé fún àbúrò mi ibi tí mo wà fún wákàtí 7 yẹn, ohun tí mo lè sọ ò ju “mo wà níbi iṣẹ́” lọ, ojú tó sì fi ń wò mí ò kọ́kọ́ rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ṣe rí. Ní 2021 tí Nàìjíríà gba bàálù A-29 Super Tucano 12 láti Amẹ́ríkà, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 500 dọ́là, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pè pé ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Àwa kọ́, Jacksonville ní Florida ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí ni ìwọ ń ṣe gan-an? Mo dákẹ́. Ilé wa ò mọ ìdákẹ́ láàárín ọmọ bàbá. Èmi náà ń ronú lóru pé tí rédà yìí bá rí nǹkan lókèèrè, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan náà, ta ló wà nínú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tí mo lè bá sọ ọ́. Mo gbà pé ọkọ̀ tó ní ọmọ ọlọ́mọ nínú yẹ kó ríran, mo ṣì gbà á di òní. Ìdákẹ́ yẹn ni mi ò lè gbé mọ́. Nígbà tí màámi kú ní 2022, mo kọ́kọ́ lọ kọ ìrìn àjò mi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì síkiọ́rítì kí n tó lọ sin wọ́n. Wọn ò fà á gùn, wọ́n tún kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Ọdún kejì ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ wọ̀ ọ́, iṣẹ́ gidi ni. Ẹ pe ilé nísinsìnyí, kí ẹ kọ ọjọ́ ìbí gbogbo èèyàn yín sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún yín ní tábìlì, ẹ da nọ́ńbà fóònù orí tábìlì yẹn kọ, kí ẹ fún ọkọ tàbí ìyàwó yín, kí ẹ sì sọ fún ará ilé pé tí wọ́n bá pè yín lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ ò gbé e, ọkọ tàbí ìyàwó yín tó ní nọ́ńbà yẹn ni kí wọ́n pè.