Oúnjẹ òkè òkun: ká yẹ̀ ẹ́ wò ní èbúté, àbí níbi tí wọ́n ti ṣe é?

Àyẹ̀wò èbúté ló mọ́ wa lára jù: òṣìṣẹ́ á ṣí kọ̀ǹténà, á bu díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ó wúlò, àmọ́ ẹrù pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Ìwọ̀nba ni wọ́n ń rí ṣí.

Ọ̀nà kejì ni kí ìjọba méjì jọ ṣàdéhùn, kí ìṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Amẹ́ríkà àti Ṣáínà tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2007.

Ẹ wo ti wàrà Ṣáínà lọ́dún 2008. Wọ́n bomi la wàrà, wọ́n wá po melamine, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ike, mọ́ ọn, kí àyẹ̀wò lè kà á sí purotéènì. Ìkókó bí 300,000 ló ṣàìsàn, mẹ́fà kú. Ìkókó o! Àyẹ̀wò purotéènì lásán, ì báà jẹ́ ní èbúté wo, kò lè mú un. Ìjọba New Zealand ló ta ìjọba àpapọ̀ Ṣáínà ní Beijing lólobó, nítorí iléeṣẹ́ New Zealand kan ní ìpín nínú iléeṣẹ́ Ṣáínà tó ń ta wàrà náà, tí àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ní Ṣáínà sì ń fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọ̀nà kejì, bí mi ò tiẹ̀ ní ní kí wọ́n ti ilé àyẹ̀wò èbúté pa. Torí àdéhùn kì í ṣiṣẹ́ níbi tí ẹnì kan bá ti ń fi òtítọ́ pamọ́.