Sólà tó ṣeé ká bí ẹní: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́jọ

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, pánẹ́ẹ̀lì onígíláàsì ni mo sì mọ̀ dunjú. Nígbà tí àbúrò mi tó wà ní Jámánì fi sólà ọ̀gáníìkì kan ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n ká bí ẹní, n kò kọ́kọ́ gbà pé iná kankan lè tinú rẹ̀ jáde.

Sílíkọ́nì inú pánẹ́ẹ̀lì tí gbogbo wa ń lò kì í sábà ju ìdá márùn-ún mìlímítà kan lọ ní nínípọn, bí èèpo ẹyin ló sì ṣe ń sán. Tọ̀hún yàtọ̀. Kẹ́míkà oníkábọ́ọ̀nù ni wọ́n pò bí yíǹkì, tí wọ́n tẹ̀ sórí ike bí ẹni tẹ ìwé ìròyìn. Ibi tó ń sọ oòrùn di iná fẹ́lẹ́ débi pé irun orí nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ohun tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, títẹ̀ kì í ni í lára.

Mo dán an wò. Àràárọ̀ ni mo ń we é mọ́ ìgò omi ńlá, tó bá di ọ̀sán màá tẹ́ ẹ sóòrùn, màá fi mítà sí i. Odindi oṣù méjì, volt (agbára tó ń ti iná) kò yẹ̀, amp (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) kò yẹ̀. Ó wú mi lórí gan-an! Àfi ọjọ́ tí ọmọ mi ṣẹ́ ẹ po bí ìwé, tó kó ìwé iléèwé rẹ̀ lé e lórí. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ níbi tó ti ṣẹ́. Volt ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ṣùgbọ́n amp já wálẹ̀, ó ku bí ìdajì. Lójú tèmi, kẹ́míkà yẹn kọ́ ló kú, ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá ló sán. Nínú ọ̀pọ̀ irú sólà yìí, indium tin oxide ni wọ́n fi ń kó iná jáde. Ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó sì gan bíi gíláàsì. Ẹ máa ká a, ẹ má ṣẹ́ ẹ po.

Ní ti agbára, kò pọ̀. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ching Tang, gbé tirẹ̀ jáde ní iléeṣẹ́ Kodak lọ́dún 1986, bí ìdá 1 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń sọ di iná. Lónìí, wọ́n ti dé bí ìdá 20 nínú 100 níbi ìwádìí, ṣùgbọ́n tọwọ́ mi kò débẹ̀ rárá: odindi ọ̀sán ni fóònù kan fi ń kún. Síbẹ̀, láàárọ̀ tí kùrukùru bo ojú ọ̀run, ó ṣì ń rí díẹ̀ fi sínú pawabáǹkì.

Ohun tó dùn mí jù ni omi. Ìwé tó bá a wá ní a lè fi í sílẹ̀ níta. Òjò oṣù kẹfà ṣí gọ́ọ̀mù etí rẹ̀, níbi tí wáyà ti wọlé, ọ̀rinrin àti atẹ́gùn ráyè wọnú, àwọ̀ rẹ̀ sì ń ṣí láti etí náà wọ àárín. Mo kọ̀wé sáwọn tó tà á. Wọ́n ní kí n ra òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn àjò, tàbí tí ẹ ń sùn lóko, tó jẹ́ fóònù àti tọ́ọ̀ṣì nìkan lẹ fẹ́ ṣáájì, ẹ rà á. Tèmi, mo ti fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀. Ojú fèrèsé ìyá mi ló wà báyìí, fóònù wọn ló ń ṣáájì.